Ìbéèrè Láti Ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá àpérò ńlá kan ń bọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, má wulẹ̀ wọ inú ọgbà lọ. Àgbowó ni kó o gbà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, sí àwọn ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé tó dojú kọ géètì ńlá. Ibẹ̀ ni wàá ti bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó ti ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, tó ń bẹ̀ ẹ́ kó bá òun tún ojú ewé kejì ìwé ètò tẹ̀, torí pé wọ́n ti kọ "Dókítà" síwájú orúkọ ẹni tó ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n láti èṣí. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè dá wàhálà sílẹ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣèlú tí wọ́n fẹ́ sọ lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́nu ọ̀nà, báńà aláràbarà ń yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹnì kan ń fi sísọ́ọ̀sì gé káàdì tí àwọn àlejò máa fi kọ́rùn, ẹlòmíì ń lu ihò sétí ìwé kó lè fi ike dì í. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ti ka àkòrí àpérò náà títí ó fi há a sórí: ìjọba àwa-ara-wa, ìbò, ẹ̀yà, ètò ààbò. Kò sẹ́ni tó pè é síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ò wọ́n ní Ìbàdàn. Nínú Máíkírà tó gbéra ní Dùgbẹ̀, kí ọkọ̀ tó dé Mọ́kọ́lá, wọ́n á ti yọ gómìnà kan nípò, wọ́n á sì ti fi òmíràn jẹ. Ohun tí yunifásítì fi kún un ni pé kí ẹnì kan ti lọ wádìí, kó ti kọ ọ́ sílẹ̀, kó wá dúró níwájú èrò kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò tinú-tẹ̀yìn. Mo ti jókòó nínú ọ̀pọ̀ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sì rí ni pé kì í ṣe ìwé tí wọ́n kà níwájú ló ń jẹ́ kí n mọ èyí tó dára nínú wọn. Ìbéèrè tó ń ti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn wá ni, àti irú ẹni tó bi í.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń lọ. Bí èrò bá pọ̀, Trenchard Hall ni. Bó bá mọ níwọ̀n, Drapers Hall tó wà ní Institute of African Studies. Ìwé ìpè sọ agogo mẹ́wàá. Ní agogo mẹ́wàá, ẹni tó ń to àga àti ọkùnrin tó ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò ló wà níbẹ̀. Nígbà tó bá di mọ́kànlá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn ńlá sí tábìlì ọlọ́lá lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin orílẹ̀-èdè tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ti àtijọ́ padà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn àgbà tó kọ ọ́ níléèwé kó tó di 1978 nìkan ló ń kọ ọ́ já gaara. Àwọn ọ̀dọ́ ń ju ètè. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìkíni mẹ́rin, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì sọ pé àwọn ò ní pẹ́. Kí olùbánisọ̀rọ̀ gan-an tó dìde, ọ̀sán ti pọ́n, ojú àwọn kan sì ti ń lọ sí ìdí ògiri níbi tí wọ́n to kúlà sí. Kò sí àpérò tí í gbàgbé àítẹ́ẹ̀mù sẹ́fùn. Ìbéèrè ni wọ́n máa ń gé kúrú: "Ẹni mẹ́ta péré la máa gbà, àkókò ti lọ." Ó máa ń dùn mí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1948 ni wọ́n dá University College Ibadan sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1949, ó ti ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbé ẹ̀kọ́ jáde kúrò nínú ọgbà lọ bá àwọn ará ìlú. Robert Gardiner, ọmọ Gold Coast, ló darí rẹ̀. Òun náà ló padà di ọ̀gá àjọ tó ń rí sí ọrọ̀ ajé Áfíríkà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ayọ̀ Ògúnṣẹ̀yẹ ló gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tíṣà, akọ̀wé ọ́fíìsì àti ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń wá sí kíláàsì náà lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn, láti gbọ́ nípa bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí owó ìlú ṣe ń wọlé. Ẹ rántí àsìkò tí à ń sọ. Òyìnbó ṣì ló ń ṣàkóso, àtúnṣe òfin ìjọba sì ń lọ lọ́wọ́, àpérò gbogboogbò lórí rẹ̀ wáyé níbí ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní ọdún 1950, èyí tó bí òfin Macpherson ti 1951. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí nínú kíláàsì alẹ́, wọ́n lè gbọ́ àbọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ìjọba kí ọdún tó yí po. Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ ni wọ́n ń kọ́. Ọdún 1950 yìí kan náà ni ibùdó ìwádìí tó di NISER ní 1960, tó wà ní Òjòó báyìí, bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ yunifásítì.

Èyí tó wù mí jù nínú iṣẹ́ ìgbà yẹn ni ìwé tí Kenneth Post, tó kọ́ni níbí, àti George Jenkins kọ lórí Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn, tó jáde ní 1973. Adélabú kò jẹ́ Premier rí. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa á nítòsí Òde Rẹ́mọ ní oṣù Kẹta ọdún 1958, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ lógójì ọdún. Àmọ́ kò sí bí èèyàn ṣe lè jókòó sínú ọgbà UI kó kọ ìwé nípa rẹ̀. Ó ní láti mọ ìjà owó orí, kó mọ àwọn mọ́gàjí àti ìdí tí ilé kan fi ń bínú sí ilé kejì, kó mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ ní Màpó. Bákan náà ni The City of Ibadan tó jáde ní 1967, tí Lloyd, Akin Mábògùnjẹ́ àti Bọ́láńlé Awẹ́ ṣe olótùú rẹ̀: àpérò ni ìwé náà ti wá, wọ́n sì kó onímọ̀ ilẹ̀, onímọ̀ ìtàn àti onímọ̀ àwùjọ jọ sórí ìlú kan ṣoṣo. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ kọ ohunkóhun nípa Ìbàdàn, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yà.

Ní 1975, Peter Ekeh, tó ń kọ́ni ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú ní Ìbàdàn, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí àwọn ọ̀mọ̀wé kárí ayé kò tíì yé fà yọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé ìjọba amúnisìn fi àgbàlá méjì sílẹ̀ fún wa. Ọ̀kan ni ti ìlú àti ẹbí, níbi tí èèyàn ti ń dáwó, tí ìtìjú ti ń mú un. Èkejì ni ti ìjọba, níbi tí ẹni tó bá kó o jẹ ò ti ní jìyà lójú àwọn èèyàn rẹ̀, pàápàá bó bá gbé e wálé. Ẹni tó fi owó ìjọba kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n á fi jẹ oyè. Ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú jẹ, wọn ò ní kí i mọ́. Àwọn baba wa ti ń sọ tipẹ́ pé iṣẹ́ ìjọba, a kì í ṣe é láàgùn. Ekeh ló jẹ́ ká rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá.

Ká ní ìyá ọlọ́jà kan láti Bódìjà wà níjókòó níbi tí wọ́n ti ń sọ èyí, mo mọ ohun tí ì bá bi í. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ àwọn tó ń kó owó àjọ sá lọ ń kọ́? Alága alájẹṣẹ́kù tó kó owó àwa ẹgbẹ́ ẹ̀ dọ́wọ́ ọmọ ẹ̀ ní òkè òkun, àgbàlá wo nìyẹn?" Ìbéèrè gidi ni. Bí àìṣòótọ́ bá ti wọ inú owó èsúsú, a jẹ́ pé ògiri tó wà láàárín àgbàlá méjèèjì ti lanu, ó sì yẹ kí ẹnì kan lọ wádìí ìgbà tó là àti ohun tó là á. Mo ti gbọ́ kí wọ́n tún àlàyé Ekeh sọ lọ́pọ̀ ìgbà ní gbọ̀ngàn. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi í bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Àpérò kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìbàdàn mọ̀ nípa rẹ̀. Ibùdó ìwádìí ilẹ̀ Faransé tí à ń pè ní IFRA dé sí Ìbàdàn ní 1990, Institute of African Studies ni wọ́n sì ń gbé. Láti ọjọ́ 7 sí 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1994, wọ́n kó àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ sí Ìbàdàn lórí ìwà ipá àti ìṣàkóso àwọn ìlú ńlá Áfíríkà. Ẹ wo ọdún tí wọ́n yàn. Ìbò June 12 tí wọ́n fagi lé ṣì ń ta nínú ara. Abacha ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún kan lórí oyè. Abíọ́lá ti wà látìmọ́lé láti oṣù Kẹfà. Àwọn òṣìṣẹ́ epo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú ìyanṣẹ́lódì tó dá ọkọ̀ dúró káàkiri ni. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, wọ́n jókòó ọjọ́ márùn-ún láti bi ara wọn pé kí ló ń sọ ọmọ ìgboro di jàǹdùkú, ta ló ń lò wọ́n, kí ló sì dé tí ọlọ́pàá kò fi ká a. Isaac Ọláwálé Albert àti Túndé Agbọ́lá wà lára àwọn tó ṣe olótùú àwọn ìwé tó ti ibẹ̀ jáde, ìdìpọ̀ méjì.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló mú kí àpérò náà níye lórí lójú mi. Agbọ́lá tẹ ìwé kan jáde lábẹ́ IFRA ní 1997 lórí bí ẹ̀rù ṣe ń yí ìrísí ilé padà ní Èkó. Ẹni tó bá rìn ní Bódìjà lónìí, tó rí fẹ́ǹsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ilé mọ́lẹ̀, tó rí wáyà lórí ògiri àti géètì tí àwọn onílé fi ń dí òpópónà bí ilẹ̀ bá ṣú, inú ìwé yẹn ló ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni wọ́n kọ ọ́ lé lórí. Albert ní tirẹ̀ kọ nípa ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ìṣèlú gáréèjì ní Ìbàdàn àti Èkó. Iṣẹ́ náà ti jáde ṣáájú kí Gómìnà Ṣèyí Mákindé tó wọ́gi lé iṣẹ́ ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó gorí oyè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Ẹni tó bá ti kà á kò ní yà á lẹ́nu pé orúkọ ló yí padà ní ọ̀pọ̀ gáréèjì, pé tíkẹ́ẹ̀tì ṣì ń já.

Ibi tí ìṣèlú Ìbàdàn ti ń ṣẹlẹ̀ kì í kúkú ṣe ilé ìjọba nìkan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, aṣòfin 18 nínú 32 lọ jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì D'Rovans ní Ring Road láti bẹ̀rẹ̀ ìyọnípò gómìnà, Rashidi Ládọjà, ẹni tó ti wá di Olúbàdàn ní 2025. Ní oṣù Kìíní ọdún 2006 wọ́n kéde pé wọ́n ti yọ ọ́. Kí ọdún náà tó parí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a padà sípò, ó ní òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àti pé iye wọn kò tó. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọ̀nà Mọ̀lété ni agbára náà ti ń wá, lọ́dọ̀ Lámidì Adédibú, bàbá ìsàlẹ̀ tí ilé rẹ̀ kì í gbẹ fún èrò àti oúnjẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kọ ìwé lórí ìṣèlú àmàlà títí. Mélòó nínú wọn ló jókòó sí àgbàlá Mọ̀lété gbọ́ ohun tí àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ ń rò?

Iṣẹ́ kan wà lábẹ́ IFRA tí mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá ní ìwádìí ìṣèlú kò lè wúlò bí kò bá sí owó rẹpẹtẹ. Nigeria Watch lorúkọ rẹ̀. Marc-Antoine Pérouse de Montclos, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló dá a sílẹ̀ ní 2006, nígbà tó yá àwọn olùwádìí UI ló ń ṣe é lójoojúmọ́. Wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Ibikíbi tí ìròyìn bá ti sọ pé ẹ̀mí bọ́ nípasẹ̀ ìjà, olè, ìbò, ẹ̀sìn tàbí jàǹbá ọkọ̀, wọ́n á kọ ọjọ́, ibi, ìdí àti iye tó kú sílẹ̀.  Iṣẹ́ tó ń rẹni ni, kò sì ní ògo ojúmọ́. Àmọ́ òun ló jẹ́ kí wọ́n lè sọ níwájú èrò pé jàǹbá ojú pópó wà lára ohun tó ń pa ọmọ Nàìjíríà jù. Kò sí olóṣèlú tí í fi ìyẹn polongo ìbò.

Àwọn mìíràn wà. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú ní ètò ìwádìí lórí ẹ̀yà àti ìjọba àpapọ̀ tí Eghosa Osaghae darí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, tí àjọ Ford ràn lọ́wọ́, tó sì bá Yunifásítì Oxford ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní Bódìjà, Túnjí Ọláòpá dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣèjọba kan sílẹ̀ tó ń pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọ̀mọ̀wé sí ìjíròrò. Èyí ò sí lábẹ́ yunifásítì, àmọ́ ojú kan náà lò ń rí níbẹ̀ àti ní Drapers Hall.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé yàtọ̀ sí àpérò gbangba, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Kò sí tábìlì ọlọ́lá. Wọ́n á fi ìjókòó yí po, ẹnì kan á mú ìwé ìbéèrè tó fẹ́ gbé lọ sí ìgboro jáde, àwọn tó kù á sì tú u palẹ̀. Níbẹ̀ ni wàá ti rí ohun tí kì í hàn nínú ìwé tí wọ́n bá tẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìbéèrè. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé gáréèjì Challenge, Yorùbá ló máa fi bi awakọ̀, lórí ìdúró, bó ṣe bá a lẹ́nu. Yorùbá ni awakọ̀ máa fi dá a lóhùn, pẹ̀lú òwe, èébú àti ẹ̀rín. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò padà kọ sílẹ̀. Èébú ti bọ́ dànù, òwe náà ti lọ, ìlàjì ohun tí ọkùnrin náà sọ nípa ìjọba sì wà nínú wọn. Ìgbà tí wọ́n bá wá pe àpérò lórí èsì rẹ̀, kò sí awakọ̀ kankan níjókòó tí yóò sọ pé, "Rárá o, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe wí."

Bí mo bá ní kí wọ́n fi Yorùbá ṣe àpérò, mo mọ èsì tí wọ́n máa fún mi: àpérò àgbáyé ni, àlejò ti ilẹ̀ òkèèrè wá, kí ni wọn ó gbọ́? Ó dáa. Kí wọ́n fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún Yorùbá nínú ọjọ́ mẹ́ta. Ìlú yìí kò ṣaláìní ògbufọ̀. Ohun tí èdè tí kò wọ etí ará ìlú ń ṣe fún ọ̀mọ̀wé tún hàn nínú ìbò gómìnà ní Èkìtì ní oṣù Kẹfà ọdún 2014. Káyọ̀dé Fáyẹmí, tó wà lórí oyè nígbà náà, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní King's College ní London, ó sì mọ ìwé ìṣèjọba dé ìdí. Ayọ̀ Fáyóṣé fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16. Àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe dìbò náà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ikùn tí Fáyóṣé ń sọ wọ etí àwọn èèyàn ju ètò tí ọ̀mọ̀wé là sílẹ̀ lọ, àwọn àpérò tó tẹ̀ lé e sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì gíga bi ara wọn léèrè ohun tó fà á.

Ìṣòro owó wà lóòótọ́. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ, ọgbà dá páropáro. Láti ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ń ti Challenge bọ̀ wá sí UI ń ro owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ kó tó ro ìmọ̀. Ìpàdé orí Zoom dín ìnáwó náà kù, ó sì jẹ́ kí ẹni tó wà ní London dá sí i. Àmọ́ ojú ẹ̀rọ ló ti rọrùn jù láti pa ìbéèrè. Alága kàn á ní òun ò rí ọwọ́ ẹ ni.

Ibì kan wà tí ìbéèrè kò ti wọ́n. Láàárọ̀, káàkiri àwọn rédíò FM Ìbàdàn, àwọn èèyàn ń tẹ ìlà láago láti Bódìjà, láti Dùgbẹ̀, láti ẹ̀yìn Ring Road. Nígbà tí nǹkan bú gbàù ní Bódìjà lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, tí ìjọba sì sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù sínú ilé, èrò ò dúró de àpérò kankan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tó ń fún ta ní ìwé àṣẹ, ẹni tó yẹ kó mọ̀, àti ìdí tí aládùúgbò fi dákẹ́. Ìyẹn gan-an ni ìmọ̀ ìṣèlú, nínú èdè wa. Bí Nigeria Watch ṣe sọ ìwé ìròyìn di ìwádìí, ẹ̀ka kan ní UI lè sọ ìpè orí rédíò di ọ̀kan: akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan, fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀, wákàtí mẹ́ta láràárọ̀ fún ọdún kan, kí wọ́n kọ ohun tí ẹni tó pè sọ bó ṣe sọ ọ́, kí wọ́n sì pe àwọn kan lára wọn wá síwájú gbọ̀ngàn nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Mo tiẹ̀ lè sọ ọ̀kan nínú ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù. Ẹni tó ń pè láti Ring Road, tí kọ́tà iwájú ilé rẹ̀ ti dí, fẹ́ mọ ibi tó gbà lọ.